Nalinibala Sọ Ọkọ Rẹ̀ Di Òkú Nítorí Sinimá

Ẹ bá mi kí Nalinibala, Ìyá Gbogbo Bengal. Asunkún-má-jẹ̀ẹ́-kí-àtíkè-ó-fọ̀. Ìyá tí ebi ń pa níwájú kámẹ́rà, tí ikùn ń yọ lẹ́yìn ilé. Bí ẹ ò bá kí i, á kí ara rẹ̀.

Ògiri ilé wa àti tiwọn fara kan ara ní àdúgbò Bhabanipur, nítorí náà kì í ṣe ẹnu ẹlẹ́nu ni mo ti gbọ́. Obìnrin yìí ti ṣe ìyá nínú sinimá títí àwọn ọkùnrin tó tó bí i lọ́mọ fi ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kí i lójú títì. Bó bá ti rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á na ẹsẹ̀ náà síta díẹ̀, kí olúwarẹ̀ má baà wá a tì.

Sinimá tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé jáde ń jẹ́ Ìyá Kò Jẹun. Opó kan ló ta irun orí rẹ̀, ó ta eyín wúrà rẹ̀, omi gbígbóná ló ń mu dípò oúnjẹ, kí ọmọ rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ dé, ó di adájọ́, ó sì rán ìyá rẹ̀ lẹ́wọ̀n nítorí ìrẹsì tó jí.

Poddar tó ń náwó sí sinimá náà ní èyí ò tíì tó. "Ìyá wa, ká ní opó gidi ni yín ni, omi ojú ìbá gbé àga lọ."

"Kí ló dé tí mi ò fi ní jẹ́ opó?" ni Nalinibala wí. "Ṣé iṣẹ́ ńlá ni?"

Poddar ní bó bá lè rí bẹ́ẹ̀, kò tún sí ìyá kankan tí òun máa wá fún sinimá òun títí ayé, àfi Nalinibala. Lọ́dọ̀ wa, opó kì í fẹnu kan ẹja. Kíá ni Nalinibala pe àwọn oníwèé ìròyìn. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí bàbá ilé ti lọ, ẹja ò tíì kan ètè mi."

Bàbá ilé ò lọ síbì kankan o. Khitish-babu, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àga láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń mu tíì, ló bá ka ìròyìn ikú ara rẹ̀.

"Nalini, wọ́n kọ ọ́ síbí pé mo ti kú."

"Ẹ má jẹ́ kí tíì yín tutù. Ẹ máa jí padà tí sinimá náà bá ti kásẹ̀ nílẹ̀."

"Kí ló pa mí?"

"Ibà."

"Ibà wo?"

"Ẹ yan èyí tó bá wù yín."

Bí òkú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n alásè ni. Nalinibala nu osùn pupa abilékọ kúrò láàárín irun rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ abilékọ, ó ró aṣọ funfun opó. Ìyá mi rí i láti ojú fèrèsé, ó ní "Háà, ikú ló ń pè wá bá ọkọ rẹ̀ yẹn." Kò parí síbẹ̀ o. Nalinibala fòfin de ẹja nínú ilé, torí àwọn oníwèé ìròyìn ń tú ààtàn wọn wò.

Ẹ gbé ẹja kúrò níwájú ọmọ Bengal, kí ló kù fún un láyé? Khitish-babu rù kan eegun. Bí a bá ń dín ẹja nílé wa, á wá dúró sẹ́bàá ògiri.

"Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun," ni mo máa ń wí.

"Bí wọ́n bá rí mi ńkọ́? Òkú kì í jẹun nílé onílé." Á fa òórùn náà símú, á padà lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀. Inú bí mi nígbà yẹn, inú ṣì ń bí mi di báyìí.

Ìyá Gbogbo Bengal fúnra rẹ̀ ńkọ́? Inú mọ́tò ló ti ń jẹ ẹja tirẹ̀, kọ́tìnnì bo fèrèsé. Awakọ̀ rẹ̀ ló sọ fún wa. Àmọ́ ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà hàn, ẹja ilish ló jẹ lójú ọ̀nà, tòun torí rẹ̀. Ọmọ tó ń rá pálá níbí mọ̀ pé wọn kì í kánjú jẹ ilish, nítorí eegun inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ. Obìnrin yìí jẹ ẹ́ nínú mọ́tò tó ń sáré lórí kòtò.

Poddar kó àwọn opó sí iwájú lọ́fẹ̀ẹ́, torí àwọn ló mọ ẹkún sun jù. Èmi àti Khitish-babu wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí sinimá fi máa tán, omi ojú ti rin ẹ̀wù Khitish-babu gbindin.

"Ó mà ṣe fún obìnrin yìí o," ó wí fún mi. "Ọkọ rẹ̀ kú mọ́ ọn lójú."

Nalinibala gorí pèpéle, wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ tí bàbá ilé ti lọ, ẹja ò... ẹ..." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó di ọ̀fun mú, ojú rẹ̀ ranko. Poddar rò pé ìbànújẹ́ ni, ó pàtẹ́wọ́. Èrò tún bú sẹ́kún.

Ìyá Mokshada, ìyá arúgbó ẹ̀yìn ilé wa, ọ̀kan nínú àwọn opó iwájú, nu ojú nù, ó wò ó dáadáa.

"Ẹkún kọ́ lèyí," ó wí. "Eegun ilish ni."

Wọ́n sáré fún un ní òkèlè ìrẹsì, kò lọ. Wọ́n fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò lọ. Lọ́dọ̀ wa, bó bá ti dà báyìí, ó ku kéèyàn di ológbò lẹ́sẹ̀ mú kó bẹ̀ ẹ́, torí òun ló ni ẹja. Wọ́n fa ológbò ilé sinimá yọ lábẹ́ àga. Ìyá Gbogbo Bengal kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ológbò mú. Ológbò gbóòórùn ìka rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rù wá ba Nalinibala. Ó gbójú sókè, ó figbe ta: "Ṣé ẹ ń gbọ́ o? Ẹ gbà mí."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Abilékọ kì í dárúkọ ọkọ níbí. Bí a ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, opó kan ò sì ní ẹni tó máa pè bẹ́ẹ̀.

"Mo ń bọ̀," ni Khitish-babu dáhùn, ó ti dìde kó tó rántí pé òun ti kú.

"Ta nìyẹn?" ni Poddar bi wá.

"Òkú rẹ̀ ni," ni mo dá a lóhùn. Ẹ̀rín sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Khitish-babu gbá a lẹ́yìn, eegun fò jáde. Ó wo eegun náà, ó wo ìka ìyàwó rẹ̀. Makirofóònù wà nítòsí, gbogbo wa là ń gbọ́.

"Nalini, ilish ni?"

Nalinibala fi ìka pamọ́ sábẹ́ aṣọ funfun.

"Orí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó kù?"

"Mo ti jẹ ẹ́," ni Nalinibala wí.

Poddar yọ òdòdó kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nígbà náà ni Ìyá Mokshada dìde níwájú. Ní kékeré ni wọ́n ti fún un lọ́kọ, ọkọ náà sì kú nígbà tí òun ṣì ń fi bèbí ṣeré, láti ìgbà yẹn kò mọ bí ẹja ṣe ń rí lẹ́nu. Ó na ọwọ́ sí Khitish-babu.

"Ọmọ mi, jẹ́ ká lọ sílé," ó wí. "N kì í jẹ ẹja, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n sè fún alààyè."