Àṣẹ Tó Ní Kí Ebi Dúró Di Ìparí Oṣù

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó dá ọmọ odó dúró! Ẹni tí kò ríyán gún, kó jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni mo gbé wá!

Èmi Láṣebìkan, akéde ìlú Àpátagún, ni mo ń lu agogo. Kábíyèsí kí yín. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kí yín. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa, torí ohun tó tẹ̀lé ìkíni yìí kò rọrùn.

Ẹ mọ̀ pé láti ayé àwọn baba wa, gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń sanwó fún ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ òkúta fún ìlú. Owó á bọ́ sí yín lọ́wọ́ láàárọ̀. Ẹ ó ra èlùbọ́, ẹ ó ra epo, ẹ ó dá àjọ, owó á tán nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ ọjà mìíràn á tún dé. Àwọn ìgbìmọ̀ wò ó, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀làjú. Lóṣù tó kọjá, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n ní owó ńlá tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò kọ́ yín bí a ṣe ń fowó pamọ́.

Ó kọ́ wa! Ọ̀sẹ̀ kìíní, àkùkọ kankan kò kọ ní Àpátagún, inú ìkòkò ni wọ́n wà. Fákúnlé afọ́kúta ra bàtà funfun, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi òkúta. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹja la rí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, omi ọbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, gbogbo ìlú ń mu gààrí láìsí ṣúgà, Fákúnlé sì ń wá ẹni tó máa ra bàtà. Kò rí i. Owó ta ni wọ́n fẹ́ fi rà á?

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jókòó lánàá, wọ́n jókòó lónìí, wọn yóò tún jókòó lọ́la. Owó ìjókòó wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á, lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tó ń ronú fún ìlú kò gbọdọ̀ fi ebi ronú. Wọ́n rí i pé owó kọ́ ló jẹ̀bi. Ebi ló jẹ̀bi! Ebi ló ń yájú sí òfin!

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ!

Èkínní! Láti òní lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ebi yóò máa pa ará Àpátagún. Ẹ̀ẹ̀kan! Ọjọ́ tí owó bá dé ni. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìgbìmọ̀ ní kí àwọn àgbà lọ tún un sọ.

Èkejì! Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ ní ibà láàárín oṣù. Kò gbọdọ̀! Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná kí owó tó dé, kó gbé e wá sáàfin, kí wọ́n bá ọmọ náà wí.

Ẹ̀kẹta! Tòmátì kò gbọdọ̀ jẹrà kí owó oṣù tó jáde. Èyí tí Olorì fúnra wọn pàtẹ ti jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó lówó tí yóò rà á. Wọ́n ti kìlọ̀ fún tòmátì tó kù.

Ẹ̀kẹrin! Ẹni tí wọ́n bá bá lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò pẹ̀lú abọ́, tó ń tọrọ iyọ̀, ìtanràn ńlá! Ojoojúmọ́ ni yóò máa san án, torí àwọn ìgbìmọ̀ kò lè dúró di ìparí oṣù.

Ẹ̀karùn-ún! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mí ná. Èyí kàn mí.

Tẹ́lẹ̀, kí n tó gbé agogo jáde láàfin ni wọ́n ti ń sanwó mi. Owó yẹn ni Àwẹ̀ró ìyàwó mi ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ń ra àgbàdo ògì àwọn ọmọ. Wọ́n ti san ti òní. Ìkéde tó bá tẹ̀lé èyí, wọ́n ní oṣooṣù ni. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú bí mi. Inú bí mi gan-an! Ṣùgbọ́n ta ni èmi tí màá rú òfin? Màá pa á mọ́. Màá pa á mọ́ ju àwọn tó ṣe é lọ.

Bí mo ṣe ń jáde láàfin láàárọ̀ yìí, ìránṣẹ́ ààfin sáré bá mi, ó tún fi ìkéde mìíràn rán mi. Ó ní Olorì ti sunkún nítorí tòmátì. Ó ní kò sẹ́ni tó pàtẹ lọ́jà mọ́, pé Kábíyèsí gan-an mu gààrí láàárọ̀ yìí. Láìsí ṣúgà! Àwọn ìgbìmọ̀ ti yí ohùn padà. Kí ni wọ́n wá sọ nípa owó ọjọ́ ọjà yín? Mo mọ̀ ọ́n. Ó dùn létí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó jó dé ilé Fákúnlé.

Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni owó ìkéde yẹn, oṣooṣù náà ni ẹnu mi. Ẹ ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó mi. Bí ìgbìmọ̀ bá ń kánjú, wọ́n mọ ilé mi, Àwẹ̀ró wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ mi kọ́ ló ti wá! Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́! Agogo dákẹ́ o, ó di ìparí oṣù!