Báàjì Tí Mo Já Lára Igi Obì

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde kan wà tí kò fẹ́ fi ọkàn mi sílẹ̀. Bí mo ṣe ń lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń padà wá bí eṣinṣin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin mi àgbà na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní eré kan wà tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé: ẹnì kan á fi agolo pamọ́ sábẹ́ igi tàbí sẹ́yìn òkúta, ẹlòmíì á fi fóònù tọpa rẹ̀ débẹ̀, á sì mú ẹ̀bùn kékeré tó bá nínú rẹ̀. Ó rò pé òun ń sọ nǹkan tuntun fún mi. Èmi tí mo ti ṣe é ní Èrúnmú nígbà tí fóònù ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n ń so mọ́ ògiri, tí ojú mi sì rí ohun tó rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Gbogbo Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Alákìá àti ti Adégbayì máa ń wọkọ̀ lọ ṣe Gálílì ní pápá ilé ìwé kan ní Èrúnmú. Ìrẹsì wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé èmi lọ ni eré ìwákiri tí Bọ̀dá Déjì, olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, máa ń ṣètò. Á ti lọ fi àwọn agolo mílíìkì pamọ́ káàkiri láti ọjọ́ tó ṣáájú. Nínú agolo kọ̀ọ̀kan, ìwé pélébé kan wà tó ń pa àlọ́ ibi tí èyí tó kàn wà, báàjì tó kárí àwọn ikọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ìdérí ìgò mínírà tó fi ọ̀dà kùn, tó ya àwòrán sí, tó sì fi pín-ìnnì há lẹ́yìn. Lọ́dọọdún, ìtàn Bíbélì kan ni gbogbo báàjì náà ń sọ. Mo ti ní ti Ọkọ̀ Nóà pé, mo ti ní ti ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù pé. Ara kápù mi ni gbogbo wọn wà, mò ń dé e kiri bí ọ̀gágun tó ti ogun méjì dé.

Ohun tí mi ò ní ni báàjì idẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ni lọ́dún, ti olórí ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ parí. Fẹ́mi ará Adégbayì ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, kì í sì í yọ ọ́ láyà kódà tó bá ń lọ pọnmi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Ìjáde kúrò ní Éjíbítì ni ìtàn náà. Mo ti sọ fún gbogbo Alákìá pé èmi ni Mósè.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ikọ̀ mi: èmi olórí, Láńre tí ohun gbogbo ń pa lẹ́rìn-ín, àti Bísí, ọmọ tíṣà, tó lè bá àdúrà jiyàn. Agolo àkọ́kọ́ ò le. Ó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé, nídìí òpó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, àwòrán ọ̀dọ́ àgùntàn sì wà lára báàjì inú rẹ̀. Àlọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé: “Nínú aginjù, wọ́n gbé e kọ́ sórí igi. Ẹni tó bá wò ó yóò yè.”

“Ejò idẹ,” mo ní, mo ti ń sáré. “Ìwé Númérì. Ẹ jẹ́ ká wọ oko, oko ni aginjù.”

A ò tíì rìn jìnnà lójú ọ̀nà oko tí mo fi rí i. Lára igi obì kan ni, aṣọ pupa tí wọ́n lọ́ bí okùn, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́, ìkarahun ìgbín kan sì so mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ejò, mi ò tíì rí ejò rí.

“Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan yẹn o,” Bísí ní. “Ìyá mi ní tí mo bá rí nǹkan tí wọ́n so mọ́ igi eléso, kí n máa bá tèmi lọ.”

“Ìyá ẹ ò ka Númérì dáadáa.”

“Ìyá mi ló ń kọ́ wọn ní Númérì.”

“Ó dáa, dúró síbẹ̀. Tí a bá dé Kénáánì, a ó ránṣẹ́ pè ẹ́.”

Láńre rẹ́rìn-ín. Mo gun igi, mo já a, mo gbé e kọ́rùn.

Ẹ má bú mi. Kọ́tásì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo mọ ààlè nínú ìwé. Mo lè là á sílẹ̀ fún yín pé òun ni àmì tí àgbẹ̀ ń so mọ́ nǹkan rẹ̀ kí olè má baà mú un, àti pé ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá so ní èpè tirẹ̀ nínú. Wọ́n tilẹ̀ bi wá nínú ìdánwò, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n kí n rí i lójú kí n dá a mọ̀, ìyẹn ò sí nínú sílébọ́ọ̀sì.

Láńre wá ìdí igi obì náà títí. “Agolo dà?”

Mo gbé ìkarahun sókè. “Ìgbín rèé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká máa fẹsẹ̀ fà lọ, ká má yà. Bọ̀dá Déjì ti gbọ́n sí i lọ́dún yìí ni.”

Ṣé ẹ mọ̀ bí inú èèyàn ṣe ń dùn tí gbogbo ayé bá ń bá a sọ̀rọ̀? Bó ṣe rí fún mi nìyẹn. Níwájú díẹ̀, a kan ìdì igi ìdáná kan, wọ́n fi okùn de bàtà kan tó ti ya mọ́ ọn lórí. Orí mi wú. “Ogójì ọdún ní aginjù, bàtà wọn ò gbó lẹ́sẹ̀ wọn,” mo ké e bí oníwàásù. Bísí, tó ń tẹ̀ lé wa lókèèrè, ní èyí ti gbó o. Mo ní kó má bá mi ṣeré. Mo tú u, ó di ẹ̀kejì lọ́rùn mi. Níbi tí ọ̀nà oko ti já sí títì, òkìtì máńgòrò ńlá kan wà lábẹ́ igi, ṣúkù àgbàdo gbígbẹ kan sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Mánà. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán ló fi ku ṣúkù. Àlàyé yìí dùn mọ́ èmi fúnra mi débi pé mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa ṣúkù náà yọ, mo fi okùn bàtà so ó mọ́ra, mo gbà pé a ti parí, mo sì kọrí sí pápá.

Nígbà tí mo sáré dé pápá, ikọ̀ Fẹ́mi ò sí níbẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bàtà àti ìkarahun ń gbá mi láyà. Mo retí àtẹ́wọ́. Màmá tó ń bu ìrẹsì wọ́ ìkòkò rẹ̀ sẹ́yìn. Àlùfáà wa, tó ń bọ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́, rántí pé òun fẹ́ mumi.

“Kí lo gbé kọ́rùn yẹn?” Bọ̀dá Déjì bi mí láti òkèèrè.

“Báàjì ni, sà. Ejò idẹ, bàtà aginjù, mánà.”

“Orí òpó àsíá ilé ìwé yìí ni mo gbé ejò idẹ kọ́.” Ó nawọ́ sókè. Lóòótọ́, agolo mílíìkì ń dán nínú oòrùn lókè orí wa. “Níbo lo ti rí ìyẹn?”

Kí n tó dáhùn, bàbá àgbàlagbà kan ti gun kẹ̀kẹ́ wọ pápá, Fẹ́mi àti ikọ̀ rẹ̀ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ẹlẹ́wọ̀n, omi máńgòrò lẹ́nu gbogbo wọn. Wọ́n bá òkìtì náà láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, wọ́n rò pé ìpanu tí Bọ̀dá Déjì pèsè sílẹ̀ fún arìnrìn-àjò ni.

“Ẹ kú ọdún o,” Bàbá kí àlùfáà. Ìrẹ̀lẹ̀ tó wà nínú ohùn rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. “Mò ń wá ẹni tó tú ààlè mi.”

Ààlè. Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo wo ọrùn ara mi. Àyà mi ti kan ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ dákun, Bàbá,” àlùfáà ní. “Ọmọdé ni.”

“Ọmọdé tó ti hu irùngbọ̀n. Sà, oníbàárà mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ yìí wá kó máńgòrò náà, mo sì ní iṣẹ́ lóko. Ààlè tí wọ́n ti gbé kọ́rùn jó wọ pápá bọ́ọ̀lù, ta ni yóò tún bẹ̀rù rẹ̀?” Ó yíjú sí mi. “Dìde. Ìwọ ni wàá ṣe é.”

“Kí n ṣe kí ni, sà?”

“Ààlè.”

Bí mo ṣe jókòó ti òkìtì máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nìyẹn, aṣọ pupa lọ́rùn, ìkarahun láyà, ẹ̀wù ọdún lára. Àwọn tó ń ti Gálílì bọ̀ ń dúró wò mí. “Èyí mà tóbi o,” obìnrin kan tó ru igi ní. “Kí ló ń ṣe fún olè?”

“Ó máa ń ka Númérì sí wọn létí, mà,” Láńre dá a lóhùn. Ó ti wá jókòó sí òdìkejì kí ó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Bísí dé lẹ́yìn náà, báàjì idẹ láyà rẹ̀. Ó ti gba ipò olórí ikọ̀ kí n tó kúrò ní pápá, òun àti Láńre sì parí eré náà nígbà tí ikọ̀ Fẹ́mi ti yó débi pé wọn ò lè sáré. Ó gbé ìrẹsì mi wá. Ṣùgbọ́n òdìkejì títì ló gbé abọ́ náà kalẹ̀ sí, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ààlè náà ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Bí mo ṣe ń rò ó ni ewúrẹ́ kan yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó wò mí, ó wo abọ́, ó sì jẹ ìrẹsì ọdún mi tán, ẹran rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Láńre jẹ ìyẹn.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Bàbá àti oníbàárà rẹ̀ dé. Bàbá yí òkìtì náà po, ó mi orí. Kò tún dín sí i. Ó wá bọ́ aṣọ pupa náà kúrò lọ́rùn mi, ó bọ́ ìkarahun, ó tú bàtà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gba ohun iyebíye lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” mo ní, “èpè inú rẹ̀ ńkọ́?”

“Olè ni mo fi í dè,” Bàbá ní. “Ìwọ kì í ṣe olè. Ọ̀mọ̀wé ni ẹ́.”

Òun ò rẹ́rìn-ín rárá. Oníbàárà rẹ̀ ló ń rín in, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara mọ́tò.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí ohun tó wù mí níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí, ẹni tó gbé e kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá lọ, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Mo lè rẹ́rìn-ín sí i báyìí. Lọ́jọ́ náà, ebi ò jẹ́.