Lèmọ́mù Ọgbà Ìṣeré

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé etí wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, méjì-méjì!"

"Ẹ fi ọ̀kan gbọ́, ẹ fi ìkejì pa á mọ́."

"Ẹ máa sọ ọ́ bọ̀, Ìyá Àgbà!"

Álúfà kan wà ní Alajo, ní ìlú Accra, Mùktárù lorúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ó sì ń ṣe lèmọ́mù fún ogójì èèyàn ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Lẹ́yìn kéú, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ọgbà ìṣeré tó wà lẹ́yìn àdúgbò wọn, níbi tí kẹ̀kẹ́ ńlá onírin ti ń gbé èèyàn ròkè, tí ó sì ń gbé e bọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Álúfà kúnlẹ̀ sẹ́yìn páànù tí wọ́n fi sé apá kan ọgbà náà, ó fi ojú ọ̀tún sí ihò ìṣó. Àsíátù, Ìyá Hafeezah, tó ń ta aṣọ àlòkù ní ọjà Odawna, ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Álúfà, ẹ kú ọ̀sán o. Kí lẹ sọ nù?"

"Má pariwo. Sọ ẹrù kalẹ̀, wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run lẹ́yìn páànù? Àwọn ọmọ mi ní kẹ̀kẹ́ onírin tuntun ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú irin tó ń dorí kodò ni."

"Ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Odindi oṣù mẹ́ta ni gbogbo Alajo fi ń méfò, èmi nìkan ni mo wá wò ó. Mọ́ṣáláṣí ni."

Àsíátù sọ ẹrù kalẹ̀ gbì.

"Mọ́ṣáláṣí? Nínú ọgbà ìṣeré?"

"Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ńlá! Fi ojú síhìn-ín. Kí lo rí?"

"Ẹ gbé irùngbọ̀n yín kúrò lójú mi ná... Mo rí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ọ̀kan, méjì... mẹ́jọ. Gbogbo wọn wà nísàlẹ̀, wọn ò ga ju orúnkún lọ."

"Kí ni èèyàn ń fọ̀ níbi tó rẹlẹ̀ báyẹn?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tó bá tẹ ẹrẹ̀."

"Nígbà tó bá ń ṣe àlùwàlá, ìwọ obìnrin yìí! Wo apá òsì."

"Mo rí pẹpẹ onígi, bíi ti ẹni tó ń ta bàtà. Wọ́n ya bàtà kan sára ògiri, wọ́n fi ìlà pupa gún un láyà."

"Bàtà ò gbọdọ̀ wọlé! Ibo ni a kì í wọ bàtà wọ̀ láyé yìí?"

"Ilé Àwẹ̀ró aládùúgbò mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì."

Álúfà mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní alífù fún ọdún kẹta.

"Ilẹ̀kùn mélòó lo rí?"

"Méjì. Àwòrán ọkùnrin wà lára ọ̀kan, ti obìnrin wà lára èkejì."

"Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. O ṣì ń ṣiyèméjì?"

"Ilé ìgbẹ́ tó wà ní ibùdókọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, Álúfà."

"Ásítágífírúláhì! Gbé ẹnu yẹn kúrò níbẹ̀. Wo àárín."

"Yéè! Ihò ńlá kan rèé, ó gba yàrá mẹ́ta. Táìlì aláwọ̀ sánmà ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀."

"Níbẹ̀ ni àwọn èèyàn yóò tò sí. Wọ́n gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ kí gbogbo wọn lè máa rí lèmọ́mù. Ó sì kọjú sí gábàsì, mo ti fi oòrùn wọ̀n ọ́n."

"Ṣùgbọ́n omi wà nínú rẹ̀."

"Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni."

"Omi náà mọ́ lóló o."

"Òjò ọgbà olówó nìyẹn. Ṣé o rò pé irú tiwa ló ń rọ̀ fún wọn ni? Wo etí ihò náà dáadáa."

"Àga funfun kan ló wà níbẹ̀, ó ga gògòrò, bíi ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ lóko."

"Ka àtẹ̀gùn rẹ̀."

"Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta."

Álúfà dijú, ó gbọ́wọ́ lé àyà.

"Mẹ́ta! O gbọ́ ẹnu ara rẹ? Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni mínbárì ń ní. Orí ibẹ̀ ni lèmọ́mù á dúró sí, á sì wàásù títí oòrùn á fi yẹ̀."

"Agbòòrùn wà lórí rẹ̀."

"Ọ̀wọ̀ lèmọ́mù ni. Ilé gíga tí wọ́n fi tàpólì bò lókè yẹn, ibẹ̀ ni ládánì á ti máa pèrun. Ará àdúgbò Madina lọ́hùn-ún á gbọ́ ọ, wọ́n á wọ ọkọ̀ trótró wá kírun lẹ́yìn mi."

"Lẹ́yìn ta ni?"

Álúfà tún kọ́là agbádá rẹ̀ ṣe.

"Ta ló ń kó ọmọ kéú wá sí ọgbà yìí ní gbogbo Ìtúnu àti Iléyá, ọdún méjìlá gbáko?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló gun kẹ̀kẹ́ onírin yẹn nígbà mẹ́tàdínlógójì, tí kò bì rí?"

"Ẹ̀yin ni. Àmọ́ ní Iléyá èṣí..."

"Afẹ́fẹ́ ni!"

"Kò burú. Ṣé ẹni tó ni ọgbà ti wá bá yín sọ̀rọ̀?"

"N kò rí i rí."

"Háà."

"Ṣùgbọ́n òun á ti máa rí mi. Ìdí rèé tí mo fi dìde lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mọ́ṣáláṣí tí mò ń fi abọ́ gbe òjò nínú rẹ̀, lèmọ́mù ogójì èèyàn! Ṣé o gbọ́?"

"Gbogbo Alajo ló gbọ́."

"Ṣé wọ́n sunkún?"

"Bàbá Zàíd sunkún."

"Mo mọ̀! Ọlọ́kàn rírọ̀ ni."

"Ó ní láti ọdún mẹ́wàá, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wáàsí máa kọ́kọ́ parí kí ọbẹ̀ òun tó kan."

Álúfà ṣe bí ẹni pé kòkòrò kó sí i létí.

"Àgbékẹ́ ìyàwó yín ńkọ́? Kí ló wí?"

"Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ayọ̀ ló gbé e lóhùn."

Ẹnìkan ké láti òkè, lẹ́yìn páànù: "Agoo!"

"Amee!" ni Álúfà dáhùn, bí ẹni tí wọ́n wá kí nílé. "Wọ́n fẹ́ ṣí i! Sún, sún, Ìyá Hafeezah!"

Ihò kan, ojú méjì: láwàní ń ti gèlè, gèlè ń ti láwàní. Tàpólì já wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Álúfà, kí ni ohun pupa tó lọ́ bí ejò yẹn?"

"Ọ̀nà ni."

"Láti orí ilé ìpèrun bọ́ sínú omi?"

"Ládánì... tó bá ti pèrun tán, á ti rẹ̀ ẹ́. Kò ní í lè fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ mọ́."

"Á wá máa yọ̀ wálẹ̀, tòun ti láwàní?"

"Kó lè tètè bá wọn tò ní sáàfù ni."

"Nínú omi?"

Kí Álúfà tó fèsì, òṣìṣẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò péńpé nìkan jókòó sí orí òkè lọ́hùn-ún. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń yọ̀ bọ̀, ó ń ké bọ̀, ó sì bọ́ sómi jàbú! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bú sẹ́rìn-ín.

Àsíátù yọ ojú nínú ihò jẹ́jẹ́.

"Álúfà."

"Má sọ̀rọ̀."

"Ẹni yẹn ò ṣe àlùwàlá kó tó wọlé."

"Mo ní kó o má sọ̀rọ̀!"

Álúfà jókòó sórí ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lu páànù gbàǹgà. Lójú kan náà ló tún fò dìde, ó gbọn eruku orúnkún.

"Àkókò Aláásàrí ti tó?"

"Ó kù díẹ̀."

"Mo ń padà lọ. Màá sọ fún wọn pé ìgbàgbọ́ wọn ni mo fi ọ̀rọ̀ àná dán wò."

"Wọ́n ti yege."

"Báwo?"

"Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà òní ni wọ́n wé láwàní fún ẹlòmíràn."

"Lónìí? Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹní mi tutù! Ta ni?"

Àsíátù bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ karí.

"Bàbá Hafeezah."

"Sàláù ọkọ rẹ? Sàláù tó ń tún fáànù ṣe? Sàláù tí kò mọ̀ ju súrà mẹ́ta lọ?"

"Mẹ́ta ọ̀hún ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ní kò ní ríbi pẹ́ sí."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa ní kó o ka àtẹ̀gùn láti ẹ̀ẹ̀kan!"

"Ẹ̀yin lẹ ní mọ́ṣáláṣí ni. Ṣé kò tọ́ kí ìyàwó lèmọ́mù yẹ mọ́ṣáláṣí tó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ du èèyàn wò?"

Álúfà fọwọ́ kan láwàní orí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti kéré bíi ti ọmọ kéú tó sọ wàláà nù.

"Ìyá Hafeezah... wọn ò wá igbákejì lèmọ́mù?"

"Ẹ máa kálọ, Álúfà. Ẹ kọ́kọ́ wá tò sí sáàfù ẹ̀yìn ná, ká fi wò ó bóyá ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀ lé."

Ìtàn tán nínú mi, ẹ̀yin ọmọ, oorun ló kù níbẹ̀. Ẹ dìde, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ lọ sùn. Afeefah, ìwọ náà, mo ní kó o lọ sùn! A kì í bi ìtàn tó ti tán ní "lẹ́yìn náà ńkọ́?"