Ẹ̀yìn Gàrúbà Kì í Ṣe Àpò Kòkó

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gbé wọlé. Gàrúbà tó ni ẹjọ́ fẹ̀yìn rìn láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú Baálẹ̀. Kò wọ ẹ̀wù, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀tún Baálẹ̀ ti dìde.

"Ta ló ń kọ ẹ̀yìn sí Baálẹ̀ báyìí? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kà á ná," Gàrúbà ní. "Bí ẹ bá ti kà á tán, n óò yíjú sí yín, n óò sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ òǹkà.

"Ẹẹ́ta ni mo rí."

"Ẹẹ́ta ni, Bàbá."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Titus ni. Tádàà tí wọ́n fi ń sàmì sára àpò kòkó ló fi kọ ọ́. Mo ti fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, mo ti fi kànrìnkàn ha á, mo ti fi iyanrìn odò ra á. Ara mi ló ń bó, ẹẹ́ta ò bó."

Ó wá yíjú padà, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe ṣèlérí.

Gàrúbà wà nínú ẹgbẹ́ oníjàkadì Àlàbá, àwọn tó máa ń ti ìlú dé ìlú ṣeré nígbà ìkórè kòkó, láti Àpòmù dé Orílẹ̀-Òwu. Ṣàmsúdéènì ni akọni wọn. Á gbé Gàrúbà sókè bí ẹni gbé ẹní, á là á mọ́lẹ̀, ariwo á ta. Gbogbo wa la mọ̀ pé Gàrúbà ń bá a ṣe é ni. A kì í sọ ọ́. Ọmọ tó bá sọ ọ́ níbi eré, ìyá rẹ̀ á gbá a lẹ́nu.

Ní báyìí, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí wọ́n wá ṣeré lójú òun. Ọjọ́ kejì ẹjọ́ yìí gan-an ni ọkọ̀ yóò gbéra. Oníjàkadì méje ni wọ́n, àyè mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Àyè kan wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, Àlàbá sì ti sọ ìyẹn di tirẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sílé. Àlàbá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun, ló bá lọ bẹ Titus, tó ń yẹ kòkó wò ní ilé ìtajà òyìnbó kan, pé kó bá òun yẹ àwọn èèyàn òun wò. Titus yẹ̀ wọ́n wò, ó sì kọ gíréèdì kálukú sí i lẹ́yìn. Ṣàmsúdéènì gba gíréèdì kìíní. Àwọn márùn-ún gba ìkejì. Gàrúbà nìkan ló gba ìkẹta, ó sì gbà á sẹ́yìn.

"Ọdún mọ́kànlá, Bàbá!" Gàrúbà ní. "Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń là mí mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ Àpòmù mọ ẹ̀yìn mi. Ilẹ̀ Wásinmi mọ̀ ọ́n. Eyín mi méjì ṣì wà ní Ìkirè-Ilé, mi ò tíì padà lọ wá wọn. Kí wọ́n wá gun ọkọ̀ lọ́la, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bíi kòkó tó bu? Iṣẹ́ wo ni n óò máa ṣe? Ṣíṣubú nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Gàrúbà!" Àlàbá pariwo láti ẹ̀yìn. "Ẹnu ẹ o!"

"Kí ló ṣe ẹnu rẹ̀?" Baálẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan, Bàbá. Egbò ló wà níbẹ̀."

"Gàrúbà, ṣé ohun tí ò ń wí ni pé o máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú?"

Gàrúbà wo Àlàbá. Àlàbá ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, eré tán, kò sẹ́ni tí yóò tún sanwó wò wọ́n mọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, gíréèdì kẹta ni lóòótọ́.

"Ohun tí mo wí, Bàbá, ni pé mo máa ń ṣubú dáadáa."

Baálẹ̀ ní kí Titus bọ́ síwájú. Titus tín-ínrín bí ọ̀pá, ó ṣí fìlà òyìnbó rẹ̀, ó ṣí ìwé, ó wú ikọ́.

"Kí Bàbá kí ó pẹ́ láyé. Ohun tí ẹ̀ ń wò lẹ́yìn ọkùnrin yìí jẹ́ àbájáde ìlànà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ lórí àfiwé, lórí òṣùwọ̀n, àti lórí ìfòyemọ̀ tí..."

Mi ò gbọ́ èyí tó kù. Mi ò sì rò pé òun náà gbọ́ ọ.

"Titus," Baálẹ̀ ní, "wí i bí ìgbà tó o bá ń wí i fún ìyàwó rẹ."

"Bí mo ṣe ń yẹ kòkó wò ni mo ṣe yẹ̀ wọ́n wò, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n. Báwo lo ṣe ń yẹ kòkó wò?"

"Mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú àpò kí n mọ̀ bóyá ó gbẹ."

"Gàrúbà ní àpò?"

"Ó ní abíyá, Bàbá. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tutù rinrin."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni!" Gàrúbà ké.

"Èmi kì í bi kòkó léèrè ohun tó mú un tutù. Omi ni omi."

"Lẹ́yìn abíyá ńkọ́?"

"Mo gbọ́ òórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ọkùnrin méje?" Ọ̀tún ní. "O kú iṣẹ́."

"Lẹ́yìn náà mo mì wọ́n. Kòkó tó bá gbẹ, ó máa ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú èèpo rẹ̀. Gàrúbà ò dún rárá. Ṣùgbọ́n mo kan orí Ṣàmsúdéènì bí ẹni kan ilẹ̀kùn, ó dún gbọngbọn. Kò sí ohun tutù kankan níbẹ̀. Gíréèdì kìíní gidi ni."

Ṣàmsúdéènì na àyà. "Ẹ ṣé, sà," ó ní.

"Mo dúpẹ́ pé o ò fi ọ̀bẹ là wọ́n wo inú," Baálẹ̀ ní.

"Ó yẹ kí n là wọ́n, Bàbá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n sá ni."

Ọ̀tún kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Àpò kòkó mi mẹ́jọ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rù ú lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní, 'Kò tíì gbẹ, ẹ dá a padà sóòrùn.' Ọrùn mi kò tíì padà sípò!"

"Kò gbẹ lóòótọ́, sà," Titus ní.

"Ọ̀tún, ẹjọ́ kòkó kọ́ nìyí. Jókòó."

Ọ̀tún jókòó, àmọ́ ìdí rẹ̀ ò kan àga dáadáa.

Wọ́n pe Ṣàmsúdéènì láti jẹ́rìí.

"Ìwọ lo máa ń gbé Gàrúbà," Baálẹ̀ ní. "Báwo ló ṣe wúwo tó?"

"Ó wúwo bí òkúta, Bàbá. Agbára mi nìkan ni mo fi ń gbé e. Kò ràn mí lọ́wọ́ rí."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà. Àyàfi ọjọ́ tí inú bá ń bí i sí mi. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe é gbé."

"Ọjọ́ tí inú kò bá bí i ńkọ́?"

"Á fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ."

"Òkúta ni ká mú ni, àbí ìyẹ́?"

Ṣàmsúdéènì ronú. A ń wò ó bó ṣe ń ronú, ó ṣòro fún un. "Bàbá," ó ní, "òkúta tó bá ti jẹun tán ni."

Àlàbá fi fìlà bojú.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Edith, ìyá Susannah, ìyàwó tíṣà ìjọ. Bíbélì wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Bàbá, kí n tètè wí i," ó ní. "Èmi kì í lọ wo ìjàkadì. Ìjọ wa ò fẹ́ ẹ, ọkọ mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí ló wá gbé ọ wá jẹ́rìí?"

"Gàrúbà ló pè mí. Ó ní iwájú ni mo máa ń jókòó sí."

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Edith ò rín.

"O ò rí i kó ṣubú rí nìyẹn?"

"Rárá o. Àmọ́ èyí tó ṣubú ní Wásinmi lóṣù tó kọjá, Bàbá, mo sunkún. Ó lọ sókè, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó wá já lulẹ̀ gbìì! Mo ní ó ti kú. Mo ti ń wá ẹsẹ Bíbélì tí n óò kà sí i lórí. Ló bá dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò létí, ó ṣẹ́jú sí wa."

"Ìwọ tí o ò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Ṣàmsúdéènì tó là á mọ́lẹ̀ ńkọ́? Báwo lo ṣe rí tirẹ̀?"

Edith wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Ta ló ń jẹ́ Ṣàmsúdéènì?"

Baálẹ̀ fa aáṣáà símú, ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó nu imú.

"Titus, ìwọ fúnra rẹ, ṣé o gbẹ?"

"Mo gbẹ, Bàbá. Bí wọ́n bá yẹ̀ mí wò, gíréèdì kìíní ni mí."

"Èyí tó gbẹ ló máa ń fúyẹ́, àbí?"

"Ó fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ dáadáa."

"Ó dáa. Ṣàmsúdéènì, gbé e."

Titus fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ṣàmsúdéènì ti dì í mú níbàdí. Ó gbé e kúrò nílẹ̀ dé eékún. Titus fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ lọ́ ọ nítan, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí eégbọn. Akọni fà á, ó tì í, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Fò!" ó sọ ọ́ sí i létí, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́. "Fò díẹ̀, kí n lè gbé ọ!"

"Kí n fò? Ṣé kì í ṣe pé ìwọ lò ń gbé mi ni?"

Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá wó lulẹ̀ pọ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ Ọ̀tún. Ṣàmsúdéènì ló wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn tí Titus kọ ení sí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, Titus sì jókòó lé e láyà, fìlà rẹ̀ ti sọnù.

"Dìde," Baálẹ̀ ní. "Ó yá, gbé Gàrúbà."

Gàrúbà tóbi tó Titus méjì àti ààbọ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó wo Àlàbá, ó mí kanlẹ̀. Bí ọwọ́ Ṣàmsúdéènì ṣe kàn án báyìí, Gàrúbà ti wà lókè. Ó kọjá orí akọni, ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó wá já lulẹ̀ gbìì! Eruku sọ. Adìyẹ méjì sá jáde.

"Yéè! Ó ti kú o!" Edith ké, Bíbélì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gàrúbà dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò létí, ó ṣẹ́jú. Ààfin hó. Ọ̀tún pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú.

Baálẹ̀ dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Èmi ò rí nǹkan kan o," ó ní. "Ẹ̀yin rí nǹkan?"

"Rárá, Bàbá!"

"Ó dára. Ẹni tó bá jáde tó lọ ròyìn ohun tí kò rí, ewúrẹ́ kan ni yóò fi ṣe ìtanràn." Ó yíjú sí Titus. "Tádàà rẹ yìí, kì í ṣí lóòótọ́?"

"Kì í ṣí, Bàbá."

"Kí ó wà níbẹ̀. Bí Ajẹ́lẹ̀ bá bèèrè ohun tí ẹẹ́ta ń ṣe lẹ́yìn Gàrúbà, ẹ sọ fún un pé èèyàn mẹ́ta ni ẹ̀yìn náà ń gbé: Gàrúbà fúnra rẹ̀, ẹni tó ń là á mọ́lẹ̀, àti ẹni tó ń pariwo níwájú. Ṣàmsúdéènì tó ní ení, a ti rí i, ara rẹ̀ nìkan ló lè gbé."

Ọ̀tún fò sókè. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kòkó tèmi náà tí Titus dá padà lẹ́ẹ̀mẹta..."

"Kòkó tìrẹ ò gbẹ, Ọ̀tún. Jókòó. Àlàbá dà?"

Àlàbá dọ̀bálẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ìwọ lè jẹun. O wá lọ bi oníkòkó léèrè bóyá ó dáa. Gàrúbà ni yóò jókòó níwájú lọ́la, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ìwọ gun orí ẹrù."

"Bàbá, eruku ọ̀nà Ìbàdàn..."

"Eruku tí o fẹ́ fi Gàrúbà sílẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà ni. Ó kù ọ́, Titus. Ẹ tẹ́ ẹní kòkó kan sójúde fún mi. Titus, bọ́ ẹ̀wù, kó o lọ sùn sórí rẹ̀. Wọn yóò máa yí ọ bí wọ́n ṣe ń yí kòkó, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà bu. Gàrúbà ni yóò yẹ̀ ọ́ wò. Nígbà tó bá ní o gbẹ, kó o máa lọ sílé."

Kí Baálẹ̀ tó dákẹ́, Ọ̀tún ti dé pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń yí kòkó.

"Ẹ má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni," ó ní. "Èmi ni n óò máa yí i."

Oòrùn ọ̀sán mú gan-an lánàá. Ọ̀tún sì kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí wọ́n kírun alásárì tán, Gàrúbà jáde, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán fún ọ̀la. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó ki ọwọ́ bọ Titus lábíyá. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó kan orí rẹ̀ bí ẹni kan ilẹ̀kùn, ó wá gbé etí lé e, ó gbọ́ ọ títí.

"Ẹ̀gbọ́n Gàrúbà," Titus ní, "ẹ jọ̀ọ́."

Gbogbo ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Gàrúbà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Kò tíì gbẹ," ó ní. "Ẹ dá a padà sóòrùn."

Ọ̀tún yí i.