Ṣokoléètì Tí Télọ̀ Fẹ́ Fi Bẹ Ìyàwó Rẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan rèé tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀: ADÙN ÀGBÀ, ỌMỌDÉ Ò GBỌDỌ̀ WỌLÉ. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀, Tọ́-ọ-Wò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra nǹkan láìtọ́ ọ wò, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ọjà rẹ̀ lọ. Ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́ lọ́sàn-án yìí ni télọ̀ kan, àgbàlagbà, aṣọ rẹ̀ gún régé, àmọ́ ó gbàgbé tépù ìwọ̀nṣọ sọ́rùn.

TÉLỌ̀: Ẹ kú ọjà o.

TỌ́-Ọ-WÒ: Ẹ káàbọ̀, Bàbá! Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ojú yín jọ ojú ẹni tó mọ adùn.

TÉLỌ̀: Ọmọ mi, ṣokoléètì ni mo fẹ́ rà. Èyí tó dáa jù. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀.

TỌ́-Ọ-WÒ: Kí lẹ fi ṣe é?

TÉLỌ̀: Ọtí ni. Ọtí àti sìgá. Ó ní òun ò lè máa sùn ti ẹni tó ń rú èéfín bí ààrò, ló bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò fẹnu kan ìkankan nínú méjèèjì. Òní ni wọ́n ní kí n wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa gbóòórùn ẹnu mi lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnu mi bá mọ́, ìyàwó mi á gbé báàgì rẹ̀, a ó jọ máa lọ sílé wa. Bí kò bá mọ́, ó parí nìyẹn.

TỌ́-Ọ-WÒ: Gbóòórùn ẹnu àgbàlagbà? Ẹ̀gbọ́n wo nìyẹn?

TÉLỌ̀: O ò tíì rí imú ọkùnrin yẹn ni! Ó ń gbọ́ òórùn ohun tí mo mu lésìí.

(Tọ́-ọ-Wò gbé páálí kan tó ń dán bíi góòlù sọ̀ kalẹ̀. Ó fi aṣọ nù ún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò séruku lára rẹ̀.)

TỌ́-Ọ-WÒ: Ẹ má wulẹ̀ wá kiri mọ́. Èyí ni ìyàwó ń jẹ tó fi ń gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ. Ti àgbà ni. Ẹ tọ́ ọ wò.

TÉLỌ̀: Ìyàwó mi ló fẹ́ jẹ ẹ́, kì í ṣe èmi.

TỌ́-Ọ-WÒ: Ṣé ẹ̀yin náà á rán aṣọ fún èèyàn kẹ́ ẹ má wọ̀n ọ́n wò?

TÉLỌ̀: Ìyẹn náà dà bí òótọ́.

(Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu. Ó rún un. Ojú rẹ̀ là bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ lójijì.)

TÉLỌ̀: Ẹ̀ẹ́n! Omi kan wà nínú ẹ̀.

TỌ́-Ọ-WÒ: Omi adùn nìyẹn.

TÉLỌ̀: Ó ń gbóná lọ́nà ọ̀fun.

TỌ́-Ọ-WÒ: Ojúlówó ló ń gbóná, Bàbá. Ayédèrú ló ń tutù.

TÉLỌ̀: Jẹ́ kí n tún mú ọ̀kan. Ó lè jẹ́ èyí tí mo mú yẹn nìkan ló rí bẹ́ẹ̀.

(Ó mú ọ̀kan. Ó mú òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, kò yan èyí tó fẹ́ mú mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń lọ ń bọ̀.)

TÉLỌ̀: Ọmọ mi, o mọ ohun tí ò ń tà. Ọmọ gidi ni ẹ́. Kí ló tiẹ̀ dé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ ń rọra yí?

TỌ́-Ọ-WÒ: Ṣọ́ọ̀bù ò yí o. Ràmù ló ń wọ̀ yín lára.

TÉLỌ̀: Ràmù wo?

TỌ́-Ọ-WÒ: Èyí tó wà nínú ṣokoléètì. Ẹ ò rí àwòrán ìgò lára páálí ni?

TÉLỌ̀: Yéè! Mo gbé! Ọtí lo fún mi?

TỌ́-Ọ-WÒ: Èwo ni ọtí ńbẹ̀? Inú ìgò lọtí máa ń wà. Inú páálí lèyí wà. Ìgbàlódé ni.

TÉLỌ̀: Mo mà sọ fún ẹ pé ọtí ló lé ìyàwó mi lọ!

TỌ́-Ọ-WÒ: Ẹ̀yin lẹ ní èyí tó dáa jù. Oníṣòwò ni mí, èmi kọ́ ni pásítọ̀ yín. Ẹ tiẹ̀ dúró ná. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ọtí ni?

(Télọ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà.)

TÉLỌ̀: Láti orí ẹyọ àkọ́kọ́.

TỌ́-Ọ-WÒ: Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi jẹ páálí dé ìdajì?

TÉLỌ̀: Mo fẹ́ kó dá mi lójú ni.

TỌ́-Ọ-WÒ: Àgbàlagbà yìí! A ò wá mọ ẹni tó ń tan ẹnì kejì mọ́.

TÉLỌ̀: Má fi mí ṣẹ̀sín, ọmọ mi, gbà mí. Bí obìnrin yẹn ò bá padà, ilé yẹn á pa mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń dá mi lóhùn nínú ilé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

TỌ́-Ọ-WÒ: Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí òórùn tí n ò ní oògùn ẹ̀. Ẹ fi súìtì funfun yìí sẹ́nu, ẹ máa lá a. Á gbá gbogbo ẹ̀ mọ́.

(Télọ̀ ń lá súìtì. Ara ń tù ú.)

TÉLỌ̀: Ó tutù. Èyí dáa. Kí ni wọ́n fi ṣe é?

TỌ́-Ọ-WÒ: Jíìn.

(Ó fẹ́ tu ú dànù, ó bá gbé e mì.)

TÉLỌ̀: Jíìn!

TỌ́-Ọ-WÒ: Jíìn kì í rùn bíi ràmù. Wọ́n á rò pé ọ̀dọ̀ dókítà eyín lẹ ti ń bọ̀ ni.

TÉLỌ̀: Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, gbogbo ọmọ ló ń fi bí obìnrin! Ta ló rán ẹ sí mi?

TỌ́-Ọ-WÒ: Ẹ dákẹ́ ariwo. Òórùn ló ń lé òórùn. Ẹ fa fépù yìí.

(Ó na nǹkan gígùn kan tó jọ bírò sí i. Iná búlúù ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀.)

TÉLỌ̀: Sìgá mà rèé!

TỌ́-Ọ-WÒ: Sìgá kẹ̀? Ẹ ṣáná sí i ni? Ẹ rí eérú ni? Omi ló wà nínú ẹ̀, bátìrì ló ń sè é. Òdòdó rósì ló ń rùn.

TÉLỌ̀: Ṣé kò sí tábà nínú ẹ̀?

TỌ́-Ọ-WÒ: Tábà kẹ̀, rárá o! Ohun tó wà nínú tábà nìkan ló wà nínú ẹ̀.

(Ọkàn Télọ̀ balẹ̀. Ó fà á, ó tún fà á. Èéfín bo gbogbo ara rẹ̀, tépù ọrùn rẹ̀ nìkan là ń rí.)

TÉLỌ̀: Gbóòórùn mi wò. Kí ni mo ń rùn báyìí?

TỌ́-Ọ-WÒ: Ọtí ti lọ ráúráú! Ẹ ń ta sánsán.

TÉLỌ̀: Bíi kí ni?

TỌ́-Ọ-WÒ: Bí omidan tó ń lọ pàdé àfẹ́sọ́nà ẹ̀.

TÉLỌ̀: Lọ́fíńdà obìnrin?

TỌ́-Ọ-WÒ: Olówó gọbọi pàápàá.

TÉLỌ̀: Ayé mi bàjẹ́! Ẹjọ́ ọtí ni mo ń lọ jẹ́, o ti fi ẹjọ́ àlè kún un fún mi!

TỌ́-Ọ-WÒ: Kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà kan wà níbí, inú bùràndí ni wọ́n ti rẹ ẹ́...

TÉLỌ̀: Gbé e sílẹ̀! Má fọwọ́ kan nǹkankan mọ́! Òótọ́ ni mo máa sọ fún ìyàwó mi. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́.

(Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró ṣánṣán débi tó lè dúró dé.)

TÉLỌ̀: Ìyàwó mi àtàtà... Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń bọ̀... Rárá o, mi ò mutí. Mo jẹ ẹ́ ni... Mo ní mo jẹ ẹ́! Ọtí! Ìwọ ni mo tiẹ̀ fẹ́ rà á fún... Lẹ́yìn náà ni mo lá jíìn. Ó le bí òkúta, ó funfun báyìí... Ta ló fa sìgá? Omi ni mo fà. Òdòdó ló ń rùn...

(Ó mú fóònù kúrò létí, ó ń wò ó.)

TỌ́-Ọ-WÒ: Kí ni wọ́n wí?

TÉLỌ̀: Ó ní látọjọ́ tí mo ti ń mutí, mi ò mu ún yó tó báyìí rí. Ó ní nígbà yẹn, mo ṣì mọ̀ pé mímu ni wọ́n ń mu ún.

TỌ́-Ọ-WÒ: Òótọ́ lẹ mà sọ! Ẹ gbé e wá, màá jẹ́rìí gbè yín.

(Ó já fóònù gbà. Ó fi ohùn tó fi ń pe oníbàárà sọ̀rọ̀.)

TỌ́-Ọ-WÒ: Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá wa! Ẹ má bínú sí Bàbá. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà, èmi ni mo fún wọn jẹ. Òórùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ lára wọn náà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti rí i... Bàbá, wọ́n ní kí n gbé e fún yín.

(Télọ̀ gbọ́. Ó gbọ́ títí. Ó rọra fi fóònù sápò.)

TỌ́-Ọ-WÒ: Ṣé wọ́n ti gbà?

TÉLỌ̀: Ó ní kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Ó ní ilé obìnrin tó fún mi jẹ ni kí n kúkú máa gbé. Ọmọ mi, níbo ni kí n kẹ́rù sí?

(Tọ́-ọ-Wò ti dìde. Ó ti ń tì í lẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.)

TỌ́-Ọ-WÒ: Ilé mi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Èmi tí mo mọ iyì ara mi, kí n máa bá ọ̀mùtí gbélé!