Pátákó Ẹ̀gẹ́ Tí Mo Bá Mórúfátù Fọ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ gun orí mi tí kò sọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní onírọ́. Wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ṣàpọ́n tipẹ́, torí mo sọ pé mo gbé ewúrẹ́ kọ́rùn wẹ odò Ògùn já. Ti ewúrẹ́ yẹn, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fi nǹkan kan sí i.

Mórúfátù ni ọmọ Ràfíù, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ó kàwé títí ó fi sú ìwé. Èmi, ìwé mẹ́rin àbọ̀ ni mo kà; àbọ̀ yẹn, ojú fèrèsé ni mo gbà jáde nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Mórúfátù wá dáwọ́ lé ni pé kó fi ẹ̀gẹ́ ṣe ike. Ike ni mo wí o, irú èyí tó dí gbogbo gọ́tà Láfẹ́nwá pa. Ó ní tòun, bí èèyàn bá lò ó tán tó sọ ọ́ nù, ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ewé.

Mo ní, "Ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ?"

Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ náà ni, Bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín títí eyín mi tó kù fi mì.

Lẹ́yìnkùlé ló ti ń sè é. Ti àkọ́kọ́ bu. Òmíràn sán. Èyí tó dára díẹ̀, èèrà jẹ ẹ́ tán. Ó wá da ike ẹ̀gẹ́ náà sórí àkísà àdìrẹ tí olóògbé ìyàwó mi fi sílẹ̀, ó tò wọ́n léra ní ìpele-ìpele, ó ní òwú àkísà ni yóò ṣe eegun fún un. Ìyẹn dúró. Pátákó kan ṣoṣo ni, ó fẹ̀ tó tíréè, inú yàrá ló sì ń tì í mọ́ nítorí èèrà, kódà èmi ò tíì fojú kàn án. Àwọn oníléeṣẹ́ kan ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé láti wá wò ó. Bó bá wù wọ́n, wọn yóò fún un láyè kó máa ṣe é lọ́dọ̀ wọn. Bí kò bá wù wọ́n, Ràfíù ti ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní Itori, pé sùúrù òun ti tán.

Láàárọ̀ Sátidé náà, Mórúfátù lọ ra ohun tí àlejò yóò fi panu. Ó ti sá nǹkan kan sóòrùn lórí àpáta lẹ́yìn ilé kó tó lọ. Mo jáde, mo rí i. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ aláàdìrẹ bí mo ṣe fẹ́ ẹ, kí lẹ máa rí? Aṣọ tí ẹ̀kọ láfún gan mọ́ ni mo rí. Ìyẹ́ adìẹ ni Ìyá Ràfíù fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ kó tó rì í sínú aró, kí aró má bàa mú ibẹ̀. Lẹ́yìn aró, èmi ọkọ ni mo máa ń rẹ aṣọ sómi, tí mo máa ha ẹ̀kọ kúrò kí ọnà tó hàn. Ọwọ́ mi rántí kí n tó ronú. Mo ní ọmọ yìí gbàgbé láti fọ aṣọ, àlejò sì ń bọ̀.

Mo rì í sómi. Ẹ̀kọ láfún tí mo mọ̀, kéèyàn tó ka Fátíà tán ló ti ń yọ̀. Èyí ò mira. Mo fi ọ̀bẹ ha á. Ẹnu ọ̀bẹ ló tẹ̀. Mo gun orí rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó o mọ́lẹ̀. Ó jù mí sílẹ̀ bí ẹṣin tí kò mọ̀ mí. Ibi tí mo ṣubú sí ni mo ti ń wò ó, tí ẹnu mi kò pa dé. Láyé mi, mi ò rí ẹ̀gẹ́ tó kọ̀ fún omi rí! Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ẹ̀rù tó dùn ni.

Ṣé mo wá fi í sílẹ̀? Ẹni tó mọ̀ mí kò ní bèèrè. Mo gbé omi kaná, ó hó, mo dà á lé e lórí. Ìgbà yẹn ló rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, o ti gbà!" Nígbà tó kù lọ́wọ́ọ́wọ́, oòrùn ti mú, orí mi kò sì ní irun tó lè bá a jà. Mo gbé e lé orí, mo tẹ etí rẹ̀ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bíi fìlà abetí ajá, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kí n sinmi díẹ̀. Oorun gbé mi lọ.

"Bàbá, nǹkan mi tó wà lórí àpáta dà?"

Mo lajú. Mórúfátù ni. Mo ní, "Aṣọ yẹn? Mo ti ń bá ẹ fọ̀ ọ́."

Ó wo orí mi. Ẹrù ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Yéè! Bàbá, pátákó mi rèé! Ẹ ti pa mí!"

Mo ní kí n ṣí i. Kò ṣí. Òun náà fà á. Orí mi ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀gẹ́ ti gan. Ibẹ̀ la wà tí fèrè mọ́tò fi dún níta, àlejò dé: obìnrin kan tó wọ awò ojú àti ọkùnrin gíga kan.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Pátákó ọ̀hún ńkọ́?" ni obìnrin náà wí.

Mórúfátù fi ẹnu júwe orí mi. Obìnrin náà sún mọ́ mi. "Ẹ dákun, Bàbá, ṣé mo lè kàn án?"

"Ẹ máa kàn án. Kì í ṣe tèmi nìkan mọ́."

Kó, kó, kó. "Ṣé kò dùn yín?"

"Mò ń gbọ́ ọ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò."

Ọkùnrin náà yí mi po. "Ẹ̀rọ wo lẹ fi tẹ̀ ẹ́ báyìí?"

"Kẹ́tùlù," ni mo wí, "àti orí arúgbó."

Ojú tí wọ́n fi wo ara wọn kì í ṣe ojú ẹ̀rín. Wọ́n ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí. Mo jẹ́wọ́ omi, mo jẹ́wọ́ ọ̀bẹ, mo jẹ́wọ́ ijó. Bí mo ṣe ń jẹ́wọ́ ni ọkùnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ni Mórúfátù ń dijú. Nígbà tí Mórúfátù fẹ́ da omi gbígbóná lé mi lórí kó lè rọ̀, obìnrin náà pariwo pé, "Má ṣe bẹ́ẹ̀! Bó ṣe rí yìí la ṣe fẹ́ ẹ." Àdín ni wọ́n fi pa mí létí títí dé iwájú orí. Wọ́n fà, mo fà, ó já pọ́ọ̀!

Mórúfátù gbé e sókè sí oòrùn. Ọnà àdìrẹ Ìyá Ràfíù hàn nínú rẹ̀ kedere, àwọ̀ aró rẹ̀ ò ṣí, ó ká gbogbo agbárí mi mọ́. Ìyàwó mi tó ti lọ, ẹ̀gẹ́ di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mú, omi gbígbóná ò rí i gbà. Mo nawọ́ sórí kí n ṣí fìlà fún un, kí n tó rántí pé kò sí fìlà lórí mi mọ́.

Wọ́n mú pátákó náà lọ sí Èkó lọ́jọ́ náà, Mórúfátù sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti máa ṣe é lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa bèèrè kí n tó bá èèyàn fọ nǹkan. Bí Mórúfátù bá sì wá kí mi nísinsìnyí, ó máa ń gbé kẹ́tùlù pamọ́ kó tó jókòó. Ó ní inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni wọ́n gbé pátákó náà sí, àwọn èèyàn pàtàkì ń wò ó. Irun funfun mẹ́ta tó já mọ́ ọn nínú ṣì wà níbẹ̀. Mọ́kànlá péré ni mo ní tẹ́lẹ̀ o. Mẹ́jọ tó kù, mo ń tọ́jú wọn, torí mi ò mọ ohun tí ọmọ yẹn tún ń sè bọ̀.