Bí Mùtíù Ọdẹ́jọbí Ṣe Bá Oyè Alága Jagun Lórí Ìkànnì Káńsù

Ẹ yàgò lọ́nà, ẹ jẹ́ kí akọni kọjá. Mùtíù ni mo ń kí, ìran Ọdẹ́jọbí, ọdẹ àtijọ́ tó pa ẹfọ̀n kan ṣoṣo lọ́dún ìyàn tí gbogbo Odò-Ìrókò fi jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, ìran a-rí-ẹfọ̀n-má-sá, tó dúró lójú ọ̀nà tí ẹranko ń sáré bọ̀, tó ní kí ẹranko wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọdẹ́jọbí yìí ló bí Sàká, tó gbé ìwé ọba láti Odò-Ìrókò dé olú-ìlú lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì. Sàká ló bí Mùsílíù, ońṣẹ́ káńsù, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbé fáìlì láti tábìlì dé tábìlì, tí fáìlì kankan kò sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ì bá sàn kó já bọ́. Mùsílíù ló wá bí Mùtíù, òṣìṣẹ́ ìpele kẹfà, ọ̀gágun tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, olùtọ́jú kọ̀ǹpútà méjì tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi ni ọ̀gá ìròyìn káńsù. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yin èèyàn, n kì í sì í sábà yin ẹni tí ipò rẹ̀ kéré sí tèmi. Bí ẹ bá wá rí i tí mo ń yin Mùtíù lónìí, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Òfin kan ló wá láti olú-ìlú. Ó ní gbogbo ìkànnì ìjọba lórí ayélujára gbọ́dọ̀ ṣe é lò fún afọ́jú, fún adití, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní ti afọ́jú, ó ní kí a fún àwòrán kọ̀ọ̀kan àti bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, torí pé fóònù afọ́jú a máa ka ohun tó wà lójú ìwé sókè fún un, orúkọ tí a bá sì fi sábẹ́ nǹkan ni yóò pè. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan ní káńsù wa láìṣí fáìlì fún un. Fáìlì gbéra lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà, ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ètò, òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé "fún ìgbésẹ̀ yín", ọ̀gá òfin kọ ọ́ pé "mo ti rí i", ó sùn sí ibì kan fún oṣù méjì tí kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀, oṣù kẹsàn-án ló tó gúnlẹ̀ sórí tábìlì mi, tí òǹtẹ̀ bo gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni tó kọlà.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwòrán Alága káńsù ló wà lórí gbogbo bọ́tìnì ìkànnì wa. Níbi ọjọ́ ìbí, Alága ń rẹ́rìn-ín. Níbi àdírẹ́sì, Alága ń juwọ́. Níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, Alága ń fi sáàsì gé rìbọ́nì níwájú kànga. Ọmọ ta ni yóò wá kọ "àdírẹ́sì" lásán sábẹ́ ojú Alága? Nílẹ̀ wa, a kì í pe orúkọ àgbà láì fi nǹkan ṣíwájú rẹ̀, àbí ẹ̀yin ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín? Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo kọ ọ́ báyìí pé: "Ọlọ́lá jùlọ, Olóyè, Alàgbà, Oníṣẹ́-ẹ̀rọ, Ọ̀mọ̀wé ìdálọ́lá, Jíbọ́lá Ṣówándé, Ajagunnà Odò-Ìrókò, Baba Ìjọ nínú ìjọ mẹ́ta, Baba Àdínì ní mọ́sálásí méjì, Baba Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń mọ bulọ́ọ̀kù, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn dé oko." Lẹ́yìn èyí ni mo wá ń fi ohun tí bọ́tìnì náà wà fún sí i, níbi tí àyè bá ṣẹ́kù. Ogójì bọ́tìnì lójú ewé fọ́ọ̀mù nìkan, ogójì ìgbà, kí n tó wá kan ojú ewé ìròyìn. Nígbà tí mo parí, omi bọ́ lójú mi, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. A ṣe ayẹyẹ ìṣíde rẹ̀, a ya fọ́tò. Afọ́jú kankan kò sí níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó rántí pè wọ́n.

Fèyíṣará Omítọ́lá ni afọ́jú tó kọ́kọ́ lò ó. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àìsàn gba ojú rẹ̀, ó sì kàwé bẹ́ẹ̀ títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Káńsù ń wá olùkọ́ lákòókò yìí. Orí ìkànnì nìkan ni fọ́ọ̀mù wà, aago méjì ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni yóò sì tì. A kì í gba ẹni tó bá ti ju ọdún márùndínlógójì lọ. Fèyíṣará yóò pé mẹ́rìndínlógójì ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ náà, nítorí náà bí èyí bá kọjá lórí rẹ̀, ó kọjá títí ayé.

Ní aago méjìlá ààbọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó gbé fóònù lé tábìlì Mùtíù, ó ní kí a jọ gbọ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́lá jùlọ, Olóyè, Alàgbà. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀. Ó kà á tán, obìnrin náà fọwọ́ kan bọ́tìnì kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́lá jùlọ, Olóyè, Alàgbà. Kí ó tó dé ìdajì fọ́ọ̀mù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìkànnì fún èèyàn ti pé, ìkànnì ti ara rẹ̀ pa, gbogbo ohun tó ti kọ sì parẹ́. Ó ní ìgbà kẹsàn-án nìyẹn láti ọjọ́ Ajé. Ó ní òun ti mọ oyè Alága ju oríkì ìyá òun lọ, ṣùgbọ́n òun kò tí ì mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó wá ẹnì kan tó ríran kó bá a kọ ọ́.

"Fọ́ọ̀mù yín ló sọ pé ẹni tí ò bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, ẹ ò ní gbà á," ó dá mi lóhùn. "Àti pé, sà, ṣé ẹni yẹn náà ló máa máa bá mi kọ́ àwọn ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, inú sì bí mi pé ó wọ̀ mí lára. Akọ̀wé àgbà nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí a yọ ohunkóhun kúrò lára oyè Alága, ó sì ti pa fóònù rẹ̀. Ọ̀gá òfin ní ikùn ń run òun. Ọ̀gá ètò, tó jẹ́ díákónì, ní òun ń lọ kírun Jímọ́ọ̀. Èmi náà sún mọ́ Mùtíù létí, mo rán an létí akọ̀wé kan tó gbàgbé "Olóyè" lórí pátákó lọ́dún tó kọjá, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ka ewúrẹ́ ní ààlà ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Mùtíù wo obìnrin náà, tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń pa fóònù rẹ̀ kí bátìrì má baà tán.

"Ọ̀gá," ó ní, "ta la kọ gbogbo eléyìí fún?"

Mo tọ́ka sí Alága tó ń rẹ́rìn-ín lójú kọ̀ǹpútà.

Ìgbà náà ni akọni kọjú sí ogun, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Ó di máòsì mú bí Ọdẹ́jọbí ti ń di ìbọn mú. Ó kọlu "Ọlọ́lá jùlọ", ó bì í ṣubú. "Olóyè" ṣubú, "Alàgbà" ṣubú lé e. "Oníṣẹ́-ẹ̀rọ", tí kò tún ẹ̀rọ kankan ṣe rí láyé, parẹ́ láìjanpata. "Ajagunnà" fẹ́ bá a wọ̀jà, kọ̀ǹpútà bi í léèrè bóyá ó dá a lójú, Mùtíù ní ó dá òun lójú. Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì abẹ́ tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù, èmi náà ń ké lápá kejì, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi "ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn dé oko" nìkan sílẹ̀ fún mi, torí pé ó dùn létí. Ó pa á níṣojú mi. Níbi tí òkú àwọn oyè náà sùn sí, ó kọ "orúkọ", ó kọ "ọjọ́ ìbí", ó kọ "àdírẹ́sì". Ogójì bọ́tìnì ló bá jà, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ìrun ọ̀sán tirẹ̀ gan-an ń dúró dè é. Sábẹ́ bọ́tìnì ìkẹyìn, níbi tí Alága ti mú sáàsì lọ́wọ́, ó kọ "Fi ránṣẹ́", ó sì jókòó padà.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kí aago méjì lù. Fèyíṣará tan fóònù rẹ̀. Fóònù ní "orúkọ", ó kọ ọ́. Fóònù ní "ọjọ́ ìbí", ó kọ ọ́. Ìka rẹ̀ ń sáré, èmi ni mo ń mí fún un. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, fóònù ní, "Fi ránṣẹ́." Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó tún un pè kí òun gbọ́. Fóònù tún un pè. Ó tẹ̀ ẹ́.

"A ti gba fọ́ọ̀mù rẹ," ohùn náà sọ.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, ó sọ fún wa bẹ́ẹ̀. Mùtíù gbé kẹ́tù, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Ní ọjọ́ Ajé, akọ̀wé àgbà pè mí. Ó ní kí n kọ ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sí Mùtíù, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì korò. Mo jókòó tì í. Kí n lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti tóbi tó, mo di ojú mi, mo fi fóònù wọ ojú ewé ìròyìn, tí Mùtíù kò tí ì fọwọ́ kàn. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ ọwọ́ mi fún mi. Kí ó tó kà dé àwọn ìjọ mẹ́ta, ìka mi ti ń wá ibi tí yóò ti pa á, kò sì rí i. Ojú tì mí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo kọ ìwé náà, ó sì korò gidi, ṣùgbọ́n níbi tí orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹ kó wà, Oyèníran ni mo kọ, orúkọ èmi fúnra mi, láìfi ohunkóhun ṣíwájú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Odò-Ìrókò, ẹ̀yin ará ilé àti ará oko, ẹ̀yin tí ẹ ríran àti ẹ̀yin tí ẹ kò ríran, ẹ tẹ́tí sí ìkéde tí ẹnu mi kò ṣe irú rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kéde. Láti Jímọ́ọ̀ tó kọjá lọ, títí di ọjọ́ tí wọn yóò tún ṣí fáìlì mìíràn, lórí ìkànnì káńsù yín, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ń jẹ́ Fi ránṣẹ́.